Bàbá Alákèré, Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́fà àti Ìjókòó Ẹnì Kan Ṣoṣo

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1946, nínú yàrá òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó kọjú sí adágún omi, ni a bí Bàbá wa, ọmọ kẹrin bàbá tó ń tún aago ṣe àti ìyá tó ń ránṣọ. Ìdílé tí wọ́n ti wá kì í fojú kéré nǹkan kékeré. Bàbá wọn lè dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sán gbáko nítorí irin wẹ́wẹ́ kan tó já bọ́ nínú aago. Ìyá wọn a sì máa tú aṣọ tí oníbàárà ti wọ̀, tó ti yìn, tó ti ń mú lọ sílé, torí pé abẹ́rẹ́ ṣìnà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin ẹbí àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa dúró lónìí, ẹ fọkàn sí èyí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà tó kù ti ṣẹ̀ wá. Àkọ́bí wọn obìnrin ló kọ ìtàn yìí lórúkọ gbogbo ilé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fẹ́ ká ya ojú ìwé mẹ́ta sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ṣéènì ọkọ̀ Bàbá nìkan. A ò gbà fún un.

Ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, wọ́n sì parí ti girama ní 1965. Olùkọ́ wọn kan kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ èsì ìdánwò pé ọmọ yìí lóye púpọ̀, àfi pé ó máa ń pẹ́ kó tó gbà pé nǹkan ti bàjẹ́. Láti 1966 dé 1969 ni wọ́n kọ́ iṣẹ́ eyín àtọwọ́dá, ọdún yẹn náà ni ẹ̀ka eyín ní ilé ìwòsàn ńlá kan sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí wọ́n fi fẹ̀yìntì ní 2006. Nínú yàrá kótópó kan tó wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, pẹ̀lú iná tábìlì kan àti ike aláwọ̀ èrìgì, ni wọ́n ti dá ẹ̀rín padà sẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí agbára wọn ò ká a, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe tiwọn. Bí ẹ bá rí àgbà kan tó rọra ń rẹ́rìn-ín níbi ìsìnkú yìí, ẹ má bínú sí i. Eyín Bàbá ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó.

Ìjà ló so wọ́n pọ̀ mọ́ Ìyá wa. Agbẹ̀bí ni Ìyá ní ilé ìwòsàn kan náà, ẹ̀rọ tí Bàbá fi ń dán eyín kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tuntun sùn. Ìyá sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn jà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ti fi tìmùtìmù wé ẹ̀rọ náà, wọ́n sì gòkè lọ béèrè bóyá ó ti dára. Wọ́n tún lọ béèrè lọ́jọ́ kẹta. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1974, wọ́n di tọkọtaya. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin ní 1976, ọkùnrin ní 1978, obìnrin ní 1983.

Ní ọdún 1981, Bàbá lọ ra pákó ní ilé ìlagi, wọn ò sì ra pákó bọ̀. Ohun tí ọkọ̀ akẹ́rù já sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé wa ni ọkọ̀ kékeré kan tí adìyẹ ti ń yé sí nínú. Ike ni ara rẹ̀, ó rí bí ọpọ́n ìwẹ̀ ọmọ, táyà mẹ́ta wà lápá ọ̀tún, mẹ́ta wà lápá òsì, ṣéènì ló ń yí wọn. Kò ní ìdarí róbótó tí awakọ̀ ń yí. Ọ̀pá irin méjì ló ní: bí ẹ bá fa ti òsì, àwọn táyà òsì a dúró, ti ọ̀tún a máa yí, ọkọ̀ a sì kọrí sí òsì. Ó ń rìn lórí ilẹ̀, ó ń rìn nínú ẹrọ̀fọ̀, bó bá sì dé etí omi, ẹ má rò pé yóò dúró. Yóò wọnú omi lọ tààrà, táyà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà a máa yí, wọn a máa tì í lọ. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé tipẹ́, kò sí ohun èlò rẹ̀ lọ́jà kankan. Ìyá bi wọ́n pé kí tún lèyí. Bàbá ní àkèré ni. Orúkọ náà mọ́ ọkọ̀ lára, nígbà tó sì yá, ó ràn mọ́ olówó rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi tún un ṣe. Ṣéènì ń sùn nínú abọ́ ìfọbọ́, gírísì ń bẹ lára aṣọ ìnura, Ìyá ń kígbe, Bàbá ń bẹ̀bẹ̀. Ike èrìgì ni wọ́n fi dí ibi tí ara ọkọ̀ ti là, ìdí nìyí tí Àkèré fi ní àmì pupa kan níwájú tó dà bí ètè ọmọ ìkókó. Ìdí kan pàtó wà tí Bàbá fi ń ṣe é. Láti ojú fèrèsé ilé wa, Ìyá máa ń wo òdìkejì adágún, níbi tí àwọn igi ńlá kan dúró sí tí kò sẹ́ni tó ń gbé abẹ́ wọn. Kò sí ọ̀nà mọ́tò débẹ̀. Àwọn apẹja ń lọ, ṣùgbọ́n Bàbá ní ìyàwó àwọn ò ní bá ẹja wọ ọkọ̀ kan náà. Àwọn fúnra wọn ni yóò gbé e dé abẹ́ igi yẹn.

Wọ́n fi ìrìn àjò náà sí àyájọ́ ìgbéyàwó ọlọ́dún mẹ́wàá, ní 1984. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé nǹkan kan. Ìdí irú ọkọ̀ yìí ní ihò kan tí omi inú rẹ̀ ń gbà jáde, róbà kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni wọ́n sì fi ń dí i. Bàbá, tí wọ́n fẹ́ kí ohun gbogbo mọ́ tónítóní, ti fọ ọkọ̀ náà ní àná ọjọ́ náà, wọ́n sì yọ róbà kí omi ọṣẹ lè dà nù. Ẹ ti mọ ìyókù. Àwa ọmọ dúró létí omi, à ń juwọ́. Ọkọ̀ kọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tó ṣe, Ìyá gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tó tún ṣe, wọ́n dìde dúró pẹ̀lú bàtà tuntun wọn lọ́wọ́. Ìyá wà láàárín omi, róbà wà lórí tábìlì nílé. Apẹja kan ló yọ àwọn méjèèjì, àárín ẹja náà ni wọ́n sì jókòó sí títí wọ́n fi gúnlẹ̀.

Ìyá ní àwọn ò bínú. Ẹnu lásán! Wọ́n fún omi ara aṣọ wọn, wọ́n wo Bàbá, wọ́n ní: “Mo fẹ́ yín ká jọ máa gbé inú ilé, mi ò fẹ́ yín ká jọ máa gbé ìsàlẹ̀ omi.” Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ò tún ní kan inú ọkọ̀ yẹn mọ́. Ó dun Bàbá dé eegun. Ẹni tí kì í gbàgbé bí èrìgì aláìsàn kan ṣe rí fún ọdún mẹ́wàá gbàgbé ẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ sórí tábìlì. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ jáde nínú omi, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Láti ìgbà náà dé ọdún 2012, wọ́n wá ògbólógbòó ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà márùn-ún mìíràn rí, ní ẹ̀yìn oko, ní abẹ́ koríko, ní àgbàlá àwọn tó ti fi ṣe ibi ìdalẹ̀sí. Wọ́n sọ gbogbo wọn di ọ̀tun. Àwọn èèyàn rò pé ọkọ̀ ni Bàbá fẹ́ràn. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ lóòótọ́, a ò ní purọ́ níwájú òkú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ti parí, wọn a wà á wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn a pa ẹ́ńjìnnì, wọn a nu ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, wọn a dúró. Ìyá a jáde pẹ̀lú ọwọ́ tútù, wọn a yí i po, wọn a ní ó rẹwà, wọn a padà sídìí ìkòkò. Bàbá a ní ẹ ṣeun. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti ń wá òmíràn.

Ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ jókòó sórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ náà. Ọ̀gá ilé ìwòsàn wá, ẹ̀yìn ló jókòó. Àkọ́bí wọn tó ń kọ ìtàn yìí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ẹ̀yìn ló jókòó, pẹ̀lú aṣọ funfun láàárín agolo epo méjì, inú sì bí i gidigidi. Ó bi wọ́n pé ta ló ni ìjókòó iwájú tó ṣófo. Wọ́n ní ẹni tó ni ín kò tíì dé ni.

Nígbà omíyalé ọdún 1997, a rò pé ọjọ́ ti pé. Bàbá ń wa Àkèré kẹta káàkiri òpópónà, wọ́n gbé arúgbó, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n gbé ajá kan tó bù wọ́n jẹ. Àwọn èèyàn wá ránṣẹ́ pe Ìyá pé obìnrin kan ń rọbí ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kíá, Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti nu ìjókòó. Ìyá gbé àpò iṣẹ́ wọn, wọ́n kọjá lára Àkèré, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi àwọn panápaná. Ọkọ̀ méjèèjì pàdé láàárín títì. Ìyá juwọ́ bí ẹni ń kí aládùúgbò, Bàbá ṣí fìlà. Ọmọ náà bọ́ sáyé láyọ̀, ó ti di ọkùnrin báyìí, ó sì wà láàárín yín níbí.

Ní ti ìgbàgbọ́, wọ́n wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní 1971. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń kọ, àwọn tó dúró tì wọ́n sì forí jì wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ní 2016, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọ̀pá irin wọ̀nyẹn ń fẹ́ agbára, nígbà tó sì máa di àárín 2017, wọn ò lè fà á mọ́. Wọ́n gbé àga sí ojú fèrèsé, wọ́n ń wo abẹ́ igi òdìkejì. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ọmọkùnrin wọn wá ẹni tí yóò kó gbogbo ọkọ̀ náà lọ. Wọn ò pariwo, ṣùgbọ́n Ìyá gbọ́ ọ láti ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá pe ọmọkùnrin yìí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní kó kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń wa nǹkan yìí. Ìyá tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí! Wọ́n tẹ ọgbà ẹ̀fọ́ tiwọn fúnra wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n já okùn ìsáṣọ. Bàbá gbọ́ ìró rẹ̀ láti orí àga, wọ́n rò pé ẹni tó fẹ́ rà á ló ń dán an wò, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣàánú ṣéènì lọ́wọ́ onítọ̀hún.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Ìyá wọ ẹ̀wù ìléfòó. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka ara wọn kan róbà ìdí ọkọ̀, wọn ò rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà á wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n nu ìjókòó ẹ̀gbẹ́ wọn, wọ́n dúró. Bàbá jáde. Wọ́n fi ọ̀pá yí ọkọ̀ náà po. Wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n jókòó.

Ìyá ò mọ bí a ti í lọ tààrà, kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n fi la omi já. Bàbá ní àṣé adágún yìí fẹ̀ tó báyìí, ní gbogbo ọdún tí àwọn fi ń wakọ̀ lórí rẹ̀, ìró ṣéènì ni àwọn ń gbọ́, ìdí ọkọ̀ ni àwọn ń wò. Abẹ́ igi náà ni wọ́n wà títí di ìrọ̀lẹ́. A bi Ìyá pé kí ni wọ́n bára wọn sọ. Wọ́n ní ká lọ fẹ́ ọkọ tiwa.

Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 2018, lórí ibùsùn wọn, lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó wọn ọ̀wọ́n sáyé lọ. Àti àkọ́bí wọn, olùkọ́ ìṣirò, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ awọnlẹ̀. Ọmọkùnrin wọn, ajórin, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn, nọ́ọ̀sì. Ọmọ-ọmọ méje tí eyín wọn pé. Àti àbúrò wọn obìnrin kan. Àkèré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lẹ́yìnkùlé. A ò tà wọ́n, ẹ má wulẹ̀ béèrè.

A ti kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé Bàbá ti gúnlẹ̀ sí òdìkejì omi. Ìyá kà á, wọ́n ní ká pa á rẹ́. Wọ́n ní òdìkejì omi, àwọn méjèèjì jọ lọ ni, àwọn sì jọ bọ̀. Ibi tí Bàbá lọ wàyí, wọn ò mú àwọn dání. A pa á rẹ́.

Ẹ sùn re o, Bàbá wa. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ fi dúró de Ìyá nígbà yẹn, ẹ ò kánjú, ẹ ò pariwo pè wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún dúró dè wọ́n bẹ́ẹ̀.