Bàbá Síkírù Ọ̀ṣuntọ́lá, Tó Ní Kí Ọ̀tá Máa Di Ọwọ́ Ọ̀tá

Ọmọ Japara ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Bàbá wa, Síkírù Àjàní Ọ̀ṣuntọ́lá. Ọdún 1957 ni wọ́n bí wọn. Yínúsà tó ń la gẹdú ni bàbá wọn. Ṣùkúrát, ọmọ Òde-Omi tó ń ta ẹja, ni ìyá wọn. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà kí wọ́n tó bá bàbá wọn wọ igbó. Ní 1976, wọ́n gba Èkó lọ láti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà.

Ní 1984, wọ́n gbé Màmá wa, Muslimah, níyàwó. Màmá kò wo ìjà wọn rí. Ìta ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa ja tẹ̀sùbáà. Ní 1989, ẹ̀ṣẹ́ kan ba ojú òsì Bàbá jẹ́, wọ́n sì padà wálé. Màmá rò pé ẹ̀rù ti tán. Àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni.

Ní 2011, Bàbá ṣí ilé ẹ̀ṣẹ́ sí ibi ìlagi àtijọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè. Lásìkò náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn méjì ń fi àdá lé ara wọn kiri. Àwọn gan-an ni Bàbá lọ pè pé kí wọ́n wá kọ́ ẹ̀ṣẹ́! A bẹ Bàbá títí, a bínú, a ní ṣé ẹ̀mí wọn ti sú wọn ni. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá wa lóhùn.

Òfin kan ni wọ́n ṣe níbẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ di báńdéèjì mọ́ ọwọ́ kó tó wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó ń bà á lẹ́rù jù ni yóò bá a dì í, tí yóò sì bi í pé, "Ṣé kò le jù?" Ọjọ́ tí Qowiyyu, ọmọ ẹgbẹ́ kan, kọ́kọ́ na ọwọ́ sí Waris, olórí àwọn tó ń lé e kiri, ẹnu ọ̀nà ló ń wò. Waris dì í, ó sì bi í ní ìbéèrè náà. Láti ìgbà náà ni àdúgbò ti ń sùn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ojú Bàbá ni wọ́n ń wò.

Ní Alàmísì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru mú Bàbá lọ. Ká tó sunkún tán, àyà wa ti já: ta ni yóò dá wọn lẹ́kun báyìí? Àwọn kan ní ká yọ́ Bàbá sin. A kọ̀. Ikọ̀ méjèèjì dé lóòótọ́, wọn ò kí ara wọn, àwọn aládùúgbò sì ń ti ilẹ̀kùn. Àlùfáà ní kí ọkùnrin méjì wá bá òun di Bàbá sínú aṣọ funfun. Waris dìde. Qowiyyu náà dìde. Waris fa aṣọ náà, ó na etí aṣọ sí Qowiyyu. Nígbà tí wọ́n so ó tán, Qowiyyu bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé kò le jù?"

Bàbá fi Màmá sáyé lọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Fàsásì, Ọmọ́títí àti Afeezat, àti àwọn ọmọ-ọmọ, Hafeez àti Dárasími. Ọwọ́ Afeezat ni kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀ṣẹ́ wà. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò ṣí i. Ẹ̀rù ń bà á, ó ń ba àwa náà. A ò mọ̀ bóyá báńdéèjì ni ẹgbẹ́ méjèèjì yóò mú wá àbí àdá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá síbi fìdáù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì í.

Àjàní, ẹ sùn re o. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí Alùjánnà. Àwọn ọmọ yín dì yín dáadáa, kò le jù.