Asẹ́ Tuntun fún Jía Aláìgbọràn

Fẹ́yìsayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun? Olúwa tó mú wa rí òjò ọdún yìí ní Àjàgbà kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn ibi láti Èkó. Ẹ̀gẹ́ ta dáadáa, Juliet àbúrò rẹ sì ti bí obìnrin. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí bí mo bá pè ọ́, o kò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

O ní jía ọkọ̀ tí o fún mi ti kú, pé o ń bọ̀ ní ìparí oṣù wá gbé ọkọ̀ náà lọ tà. N kò gbà. Kí n tó ní ọkọ̀, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo máa ń di kẹ́ẹ̀gì epo pupa mọ́ lọ sí ọjà Òkìtìpupa, tí epo á máa ro sí mi lẹ́sẹ̀, tí ọlọ́kadà á sì máa bú mi. N kò tún ní gun ọ̀kadà mọ́ láyé mi.

Òótọ́ ni pé látìgbà tí Philemon awakọ̀ ti kó lọ sí Àkúrẹ́, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ náà fúnra mi, jía náà kò gbọ́ràn. Mo fà á sí lẹ́tà R kó rìn, ẹ̀yìn ló gbà, ó fìdí gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Mo yára fà á sí D kó dúró, ńṣe ló fò síwájú, ó tẹ kẹ́ẹ̀gì epo fọ́. N, tí í ṣe níwájú, kò kúrò lójú kan.

Wọ́n bá mi fà á lọ sọ́dọ̀ Prosper mẹkáníìkì ní Igbótako. Ó wo abẹ́ rẹ̀, ó ní jía kò kú, pé asẹ́ inú rẹ̀ ló dí. Ìyẹn yé mi. Bí asẹ́ bá dí ní ẹbu tí a ti ń fún epo, ṣé a ó tìtorí ẹ̀ ta ẹbu ni? Ó tú epo inú jía dànù, ó ti dúdú bí àdí, ó yọ asẹ́ àtijọ́, ó fi tuntun sí i, ó wá da epo mìíràn sí i, ó pupa bíi tèmi gẹ́lẹ́. Mo ní kí ló dé tí kò bu tèmi tó jẹ́ ojúlówó, ó ní jía kì í jẹ epo ọbẹ̀.

Mo wọlé, mo fà á sí R, ẹ̀yìn náà ló tún gbà. Mo bínú sí Prosper gidigidi. Ó ní asẹ́ kò mọwọ́ mẹsẹ̀, pé èmi ni n kò mọ̀ ọ́n kà, pé èdè òyìnbó ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi tí mo ka Bíbélì láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn. Mo ní ṣé òyìnbó ló ń wà á ni? Mo ní kó fi ọ̀bẹ ha gbogbo ẹ̀ kúrò, mo sì fi ọ̀dà kọ tèmi: R síbi tó ti ń rìn, P síbi tó ti ń padà, D síbi tó ti ń dúró. N, n kò rí iṣẹ́ tó ń ṣe, n kò kọ ọ́ padà. Látìgbà náà, ohun tí mo bá wí ló ń ṣe. Àná ni mo wà á dé Òde-Ìrèlè, ẹnikẹ́ni ò sì bú mi.

Owó asẹ́ àti owó iṣẹ́ Prosper ń bẹ lọ́rùn rẹ, tètè fi í ránṣẹ́, kí o fi owó kẹ́ẹ̀gì tó fọ́ kún un, nítorí ọkọ̀ rẹ ló tẹ̀ ẹ́. Olúwa yóò sẹ́ ìdọ̀tí kúrò lọ́nà rẹ, ohun rere kò ní dí mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá fi dandan lé e pé o ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀, fà á sí D tí o mọ̀ yẹn. Yóò dúró síbẹ̀ dè mí.

Èmi ni,
Iye rẹ.