Orin Màmá Lérè

Richmond,
Lẹ́bàá Houston, Texas,
Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹta, 2025.

Lérè, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun bàbá yín ti ń fúyẹ́? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ǹ bá pè ọ́, ojú ló ń tì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Jọ̀ọ́, kà á tán kó o tó bínú.

O rántí Mr. Cornelius, bàbá arúgbó ará ìlú Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń tọ́jú nílé Helen ọmọ wọn ní Sugar Land. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ń kọ orin sínú fíìmù àti eré tẹlifíṣọ̀n ní London. Bí ẹnì kan bá ń sunkún nínú eré, tí orin rọra wọlé, tí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Fíìmù tó wà lọ́wọ́ wọn yìí ni wọ́n fẹ́ fi kádìí iṣẹ́. Ibì kan ló ń dà wọ́n láàmú: ìyá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ọmọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọ́n ń wo àwòrán yẹn, orin kò wá.

Lọ́jọ́ kan mò ń fọ abọ́, mo sì ń kọ orin tí màmá yín ṣẹ̀dá fúnra wọn, èyí tí wọ́n fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún ní Ìkòròdú nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ yín. Kí n tó nu ọwọ́, Bàbá ti ń fi dùùrù kọ ọ́. Wọ́n bi mí pé ta ló ni ín. Mo ní orin ilé wa ni. Ni wọ́n bá kọ orúkọ mi sínú ìwé bí ẹni tó ni orin. Lérè, mi ò sọ̀rọ̀. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ń yọ́ wo orúkọ yẹn, tí inú mi ń dùn. Ojúkòkòrò gbáà ni.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní kí n wá buwọ́ lùwé. Mo mú bírò. Mo rántí bí màmá ṣe máa ń bu oúnjẹ tèmi ṣáájú tìrẹ. Mo jẹ́wọ́ pé ìyá ọ̀rẹ́ mi ló ni orin náà. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bàbá fa ìlà sórí orúkọ mi, wọ́n ní, “Kí ni orúkọ ìyá náà?”

Mo ní Màmá Lérè.

“Lérè lorúkọ ọmọ. Ìyá ńkọ́?”

Mi ò mọ̀ ọ́n, Lérè. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jẹun nínú ìkòkò wọn, mi ò sì sí nílé nígbà tí ẹ sin wọ́n. Ta ló jẹ́ pe ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórúkọ? Láàárọ̀ yìí, mo sunkún lórí freeway, títì márosẹ̀ ibí, láti Richmond dé Sugar Land. Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀túnla, ni ìwé náà ń lọ. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, tàbí tí àyè orúkọ ṣófo, wọ́n ní àwọn á yọ orin náà, àwọn ò ní fi orin olórin kádìí iṣẹ́.

Dárí jì mí, Lérè. Bá mi kí gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n kó o tó kí wọn rárá, jọ̀ọ́, kí lorúkọ màmá wa?

Èmi ni, ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún,
Fúnmi.