Ìràwọ̀ Kan Péré Lára Éésì Wa

Hámzàt ọmọ mi,

Àsàláàmù àléékúmù. Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó? Ràfíátù ìyàwó ẹ ń kọ́? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó máa bí yín nínú tó èyí tó ń bí mi nínú yìí. Èmi wà pa, ara mi ṣì le, àwọn ọlọ́kadà tí mò ń ṣe alága wọn ní gáréèjì Ìkàrẹ́ ṣì ń rò pé àbúrò mi ni ẹ́.

Ọ̀rọ̀ éésì tí o fi ránṣẹ́ nítorí ìyá ẹ ni. Nígbà tó dé, mo polówó ẹ̀ títí dé Ugbẹ̀, mo ní ẹni tó bá ń bọ̀ nílé mi kó mú súwẹ́tà dání. Zachariah tó ń ṣiṣẹ́ iná ló gbé e kọ́ ògiri, ó ní ká máa ti ilẹ̀kùn. Mo ní tí mo bá tì í, báwo làwọn tó ń kọjá ṣe máa mọ̀ pé a ní éésì? Mo ṣí i sílẹ̀ gbayawu. Ìyá ẹ tí dókítà ní kó sá fún ooru nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń sùn bí ọmọ tuntun.

Ìgbà tí mo lọ kí àna ẹ, Àláájì Badmus, ní Ọ̀kà, mo rí i pé o ra éésì fún àwọn náà. Kò burú. Àmọ́ mo wo sítíkà ara ẹ̀, ìràwọ̀ márùn-ún. Mo délé, mo wo tiwa, ìràwọ̀ kan. Hámzàt, kí ni mo ṣe fún ẹ? Èmi tí mo fi ọ̀kadà rán ẹ níléèwé, ọ̀kan nínú márùn-ún lo fún mi, bí olódo. Bàbá ìyàwó gba gbogbo ẹ̀.

Zachariah ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe ti ipò. Ó ní éésì méjèèjì lè tutù bákan náà, àmọ́ èyí tí ìràwọ̀ ẹ̀ bá pọ̀ kì í mu iná púpọ̀, oníràwọ̀ kan ló ń mu ún bí ọ̀mùtí. Ìyẹn wá burú ju èyí tí mo rò lọ. Àláájì tó ní ilé epo lo fún ní èyí tí kì í jẹun, ọlọ́kadà lo gbé èyí tó ń jẹ àjẹkì fún. Mo fi báírò ya ìràwọ̀ mẹ́rin kún tiwa, mo yà wọ́n dáadáa, síbẹ̀ iná tí mo rà sínú mítà ò pẹ́ tó fi tán.

Bó ṣe tán, òòyì kọ́ ìyá ẹ ní kíṣìnì. Ìyá Ràfíátù gbọ́, ó fi mọ́tò wá gbé e lọ sí Ọ̀kà, ó ní kó kàn wá fara balẹ̀ díẹ̀. Kò tíì dé títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Gbogbo gáréèjì ló ń bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni ìyàwó alága sá ooru lọ sílé àna. Mo pè é lórí fóònù, ó ní òun á padà tílé bá tutù, pé kí n máa ti ilẹ̀kùn. Ó tún ní òun fẹ́ lọ wá aṣọ bora, pé otútù ń mú òun.

Torí náà, fi owó iná ránṣẹ́, tàbí kí o wá pààrọ̀ éésì yìí kí Iléyá tó dé, mi ò lè pa àgbò fún ara mi nìkan. Mi ò ní ṣépè fún ẹ. Ọlọ́run á fún ẹ lọ́mọ tó máa fún ẹ ní ìràwọ̀ márùn-ún. Èmi ti bí tèmi.

Bàbá ẹ ni,
Suleiman alága