Aago Tí Màmá Hester Fi Owó Ìránṣọ Rà

Níbi gbàǹjo ni ojú wọn ti kọ́kọ́ ṣe mẹ́rin, láàárín èrò tó kún gbọ̀ngàn ìlú Ludlow lọ́dún 1931. Aago orí tábìlì àtijọ́ kan ni wọ́n ń tà: àpótí igi dúdú, ọwọ́ idẹ lórí rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e kiri, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ènìyàn bá fa okùn náà, agogo inú rẹ̀ á lu iye wákàtí tó ti lù. Omidan Hester Probert nawọ́ sókè. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òdìkejì náà nawọ́, ó rí ojú omidan yìí, ó sì sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ẹ máa gbé e lọ," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà, Reuben Maddox, wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa wá kí i lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Aago lẹ fẹ́ máa kí, àbí ta ni?"

Ọdún 1909 ni wọ́n bí Hester, olóògbé wa, ní Ludlow, fún Amos Probert tó ń ṣe bàtà ẹṣin, àti Keziah aya rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ, lẹ́yìn náà ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ. Owó abẹ́rẹ́ yìí ló fi ra aago. Kí gbogbo ènìyàn gbọ́ o: owó tirẹ̀ ni! Ó fẹ́ Reuben lọ́dún 1933. Ó kọrin nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ní ìránṣọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 1958, ojú rẹ̀ fọ́. Láti ìgbà náà, ó ń gbé aago láti yàrá dé ilé ìdáná, ó ń fa okùn, ó ń mọ ìgbà tó yẹ kí omi tíì wà lórí iná.

Reuben kú lọ́dún 1964. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí Clement, àbúrò rẹ̀, fi wọlé wá gbé aago sábẹ́ apá. "Ti ìdílé Maddox ni."

"Clement, gbé e kalẹ̀."

"Ìyàwó wa, kí ni afọ́jú fẹ́ fi aago wò?"

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀! Ṣé ojú ni wọ́n fi ń gbọ́ agogo ni? Ọdún méje ni Màmá fi ń ra ọwọ́ káàkiri orí tábìlì, tó ń wá okùn tí kò sí níbẹ̀, tó ń tọrọ àkókò lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá bí alágbe. Ó ní kí Dorcas ọmọ rẹ̀ bá òun kọ̀wé: "Clement, owó mi ni mo fi rà á. Gbé e padà." Nígbà tí Dorcas mú lẹ́tà náà lọ, Clement kò gbà á, ó tilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Láti ìgbà wo ni afọ́jú ti ń kọ lẹ́tà?"

Olóògbé papòdà ní oṣù March 1971, kò gbọ́ ohùn aago rẹ̀ mọ́. Ó fi Dorcas àti Giles sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Tamsin, Hugh àti Lettice.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Clement wá bá ìdílé kẹ́dùn. Ó wọ dúdú látòkè délẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Dorcas. Níṣojú gbogbo ará ilé, Dorcas fi lẹ́tà náà sí ọwọ́ tó nà.

Ẹ sùn dáadáa, Màmá. Ó ti gba lẹ́tà yín.