Tírà Tó Wà Lára Kọ́kọ́rọ́ Yín

Bàbá mi, ẹni tó mọ wáyà wé,

Màmá jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Ìròyìn tí mo fẹ́ kọ́kọ́ fún yín nìyẹn, kí n tó béèrè bí ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀wà àti dòdò ni wọ́n jẹ. Wọ́n mu omi tútù lé e, wọ́n padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn, wọ́n sì ń fi imú kọrin. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, mo ń wò wọ́n bí ẹni tí kò rí kí èèyàn jẹun rí.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ ni Màmá ti ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Wọn kì í sọ ohun tí wọ́n ń gbà á fún, ṣùgbọ́n ẹ mọ ilé wa ní Narayi, ògiri rẹ̀ kì í pa àṣírí mọ́. Mo máa ń gbọ́ wọn nínú yàrá. Ẹ̀yin ni wọ́n ń tọrọ àforíjì fún. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run pé kó má wo ohun tí ẹ so mọ́ kọ́kọ́rọ́, kó wo bí ẹ ṣe jẹ́ alàgbà ìjọ tó, kó wo gbogbo fáànù ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tí ẹ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ yẹn, Bàbá! Ẹ wo wàhálà tí ẹ dá sílẹ̀ fún wa.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí Fọlákẹ́, àbúrò yín, wá láti Barakallahu láti bá wa yẹ ẹrù yín wò, kí ẹbí lè mú èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìrántí. Wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ alùpùpù yín jáde nínú àpò kóòtù, igbe ló sì tẹ̀lé e. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀ sáré wọlé. Awọ pupa kékeré kan ló so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Wọ́n rán an ní igun mẹ́rin, ó le gbagidi, irú tírà tí àwọn Hausa oníṣẹ́ awọ máa ń rán fún ẹni tó fẹ́ fi nǹkan ààbò kọ́rùn. Ó ti ń dán, etí rẹ̀ ti dúdú, ó hàn pé ọwọ́ kì í kúrò lára rẹ̀. Àǹtí mú sísọ́ọ̀sì Màmá, wọ́n gé e kúrò, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n sì gbé e lọ. Wọ́n ní pásítọ̀ àwọn ni yóò sun ún.

Màmá kàn gba sísọ́ọ̀sì wọn padà, wọ́n lọ jókòó sídìí máṣíìnì. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù, torí ẹ mọ̀ pé Màmá kì í ṣe ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún mi pé àwọn ti mọ̀ tipẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń rí yín láti ojú fèrèsé. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó ti awọ yẹn mọ́ abẹ́ táńkì epo lápá òsì, ètè yín á máa mì, lẹ́yìn náà lẹ ó tó yí kọ́kọ́rọ́. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ yín rárá. Ẹ̀rù ìdáhùn tí ẹ máa fún wọn ló ń bà wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá tún rọlẹ̀ ká ní alùpùpù ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí a fẹ́ gbé e kúrò lójú oòrùn, ẹ́ńjìnnì yí títí, kò mú iná. Iná pupa kékeré tó wà níwájú kàn ń ṣẹ́jú sí wa. Àǹtí gbọ́ lórí fóònù, wọ́n ní ṣé a wá rí i báyìí. Bàbá, kí la fẹ́ fi dá wọn lóhùn? A gé tírà kúrò lánàá, alùpùpù kú lónìí. Lọ́yà gan-an ò ní rí wí. Ọ̀rọ̀ náà sì dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó gbé e débẹ̀. Màmá dìde kúrò lórí àga iwájú tí àwọn ìyàwó alàgbà máa ń jókòó sí, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá òpó.

Inú bí mi sí yín. Mo ń rántí bí ẹ ṣe já òwú dúdú tí aládùúgbò wa so mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí gìrì ń mú mi ní kékeré. Ẹ ní ọmọ yín kò ní so nǹkan tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Àbí Bàbá méjì ni mo ní ni, èyí tó ń já òwú àti èyí tó ń so tírà? Mo béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè yín.

Alùpùpù wá di ti adìẹ. A fi ọ̀rá bò ó lẹ́yìnkùlé lábẹ́ igi gúábà, ọyẹ́ ń ku eruku lé e, adìẹ Màmá sì ń yé ẹyin sórí àga rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ní kí n pe àwọn tó ń ra irin àlòkù ní ọjà Panteka kí wọ́n wá kó o, àwọn ò fẹ́ rí i mọ́. Mo ní ká jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ ná, pé alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ sàn ju irin lọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó lọ. Orí rẹ̀ lẹ ti kọ́ mi ní gígùn, ní pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ aṣọ yín, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé kí ni obìnrin fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Bí Sani ṣe dé nìyẹn. Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìn yín ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìkòríta wa. Obì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó wo iná pupa yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní alùpùpù ò kú. "Bai san ku ba ne." Ìyẹn ni pé alùpùpù ò mọ̀ wá ni. Ó ṣàlàyé fún mi pé irú alùpùpù yìí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í ṣe irin nìkan. Nǹkan kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ tó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, áńtẹ́nà tí wọ́n fi wáyà wé yíká ojú ihò kọ́kọ́rọ́ ló sì ń gbọ́ ọ. Bí áńtẹ́nà kò bá gbọ́ orúkọ yẹn, kí èèyàn yí kọ́kọ́rọ́ títí di ọ̀la, ẹ́ńjìnnì ò ní mú iná. Mo wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. Irin lásán ni, kò lórí.

Ó tú iwájú alùpùpù. Kò sí áńtẹ́nà níbi tó yẹ kó wà. Ojú ihò ti họ yánnayànna, mo sì rántí ìgbà tí àwọn olè fẹ́ fipá ṣí i lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, tí ẹ tì í délé. Ẹnì kan ti gé wáyà ibẹ̀, ó so òmíràn mọ́ ọn, ó sì gbé e gba ara irin lọ sẹ́yìn. Sani ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó gbé táńkì sókè. "Kai!" ló ké. Lábẹ́ táńkì, lápá òsì, wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi wé e róbótó, wọ́n yọ́ àbẹ́là lé e kí omi má baà wọ̀ ọ́, wọ́n sì fi òwú aláwọ̀ ewé di etí rẹ̀.

Bàbá, mo mọ ọwọ́ yín. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ aṣọ tì, tí ọ̀gá yín ará Íńdíà fi alùpùpù náà lé yín lọ́wọ́ tó bá tirẹ̀ lọ, wáyà fáànù ni ẹ ń wé ní bàráńdà, òun la sì fi ń jẹun. Kò sí fáànù kan nílé wa tí kò ní irú ìdè yẹn nínú. Mo ké pe Màmá. Wọ́n jáde tòun ti téèpù ìwọ̀n-aṣọ lọ́rùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n sì fọwọ́ kan òwú náà. "Òwú mi rèé!" Eku ni wọ́n ti ń fẹ̀sùn òwú tó sọnù kàn láti ọjọ́ yìí.

Sani wá béèrè ibi tí orí kọ́kọ́rọ́ wà, nítorí òun ni yóò máa sún mọ́ wáyà yìí kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn. Màmá wò mí. Èmi náà wò wọ́n. Abẹ́ táńkì, lápá òsì. Ibẹ̀ gan-an lẹ máa ń ti tírà yẹn mọ́ láràárọ̀. Màmá ti ń pe Àǹtí.

Fóònù Àǹtí ò lọ. A ò dúró pè wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Kẹ̀kẹ́ la wọ̀, a wọ mọ́tò, a sọdá afárá, a gba Kawo kọjá lọ sí ilé Àǹtí, téèpù ìwọ̀n-aṣọ ṣì wà lọ́rùn Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti sun ún, àwọn ò ní mọ irú ọkọ tí àwọn fẹ́ títí àwọn á fi kú. Mo di ọwọ́ wọn mú. Mi ò lè purọ́ fún wọn pé wọn ò tíì sun ún.

Wọn ò tíì sun ún, Bàbá! Ṣé ẹ rí àbúrò yín yẹn, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Wọ́n ti gbé pásítọ̀ wọn lọ sí ìlú mìíràn kó tó di pé wọ́n rí i, Àǹtí kò sì láyà láti dá a sun. Wọ́n bá tì í bọ inú ìgò òróró ìyàsímímọ́, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, kí agbára rẹ̀ máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí pásítọ̀ tuntun yóò fi dé. A da òróró náà sínú abọ́. Àǹtí fúnra wọn ló fi sísọ́ọ̀sì tú u, wọ́n di ojú kan, wọ́n la ìkejì. Òwú ìtọ́jú egbò ló wà nínú rẹ̀. Kinní dúdú kan bíi hóró ẹ̀wà ló wà nínú òwú náà, èyí tí Sani ní ó ń sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì. Kò sí ìwé, kò sí ẹ̀bu, kò sí nǹkan mìíràn. Àǹtí tún òwú náà tú títí, wọ́n gbọn awọ náà, wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń pè yín: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi." Màmá ò lè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, torí àwọn náà ń sunkún.

Màmá ló tún tírà náà rán, òwú aláwọ̀ ewé kan náà ni wọ́n fi rán an. Lọ́jọ́ kejì, Sani so bátìrì tuntun, mo lé adìẹ, mo ti awọ náà mọ́ abẹ́ táńkì. Iná pupa ṣẹ́jú, ó ṣẹ́jú, ó kú. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá, Bàbá, ohùn àárọ̀ yín ni. Sani ń ké "Alhamdulillah!" bí ẹni pé òun ló bí i, Màmá sì di igi gúábà mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi fẹ́ gbé wọn ṣubú. Ara mi fúyẹ́. Mi ò mọ̀ pé ẹrù wúwo tó bẹ́ẹ̀ wà lórí mi títí mo fi sọ ọ́ kalẹ̀.

Ètè yín tó ń mì ńkọ́? Ìyẹn èmi ni mo yanjú ẹ̀. Nígbà tí ẹ máa ń gbé mi lọ síléèwé, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn yín: "Ɗaya, biyu, uku." Mo rò pé ẹ ń sọ fún mi pé kí n dì yín mú dáadáa. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta lẹ ń kà; Hausa ni ẹ fi ń ka gbogbo nǹkan láti ilé iṣẹ́ wá. Iná pupa lẹ ń dúró dè. Mo sọ fún Màmá, wọ́n pàtẹ́wọ́: ọfọ̀ tí àwọn ti ń bẹ̀rù láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn!

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Ṣé nítorí olè ni, kí ó má baà ti ẹnu wa bọ́ síta? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó jọ tírà ni, àbí ẹ mọ̀ ọ́n mọ̀, kí ọwọ́ olè má lè kàn án? Mo ń fojú inú rí yín níwájú oníṣẹ́ awọ yẹn, ẹ ń sọ fún un pé kó rán an kó dúró, òun náà sì rán irú èyí tó mọ̀ ọ́n rán. Ìbá wù mí kí n bi yín. Ó dà bíi pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Sani ní òun lè fi gọ́ọ̀mù lẹ hóró náà mọ́ áńtẹ́nà títí láé, kí ìnira títì àti kíkà tán. Màmá ní kó má fọwọ́ kàn án, bí ẹni tó ni ín ṣe fi í sílẹ̀ ni kó wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n jókòó sórí àga iwájú. Nígbà tí ìsìn parí, tí gbogbo ìjọ wà níta tí wọ́n ń kíra wọn, Màmá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ tigèlè-tigèlè, wọ́n ti awọ pupa yẹn mọ́ abẹ́ táńkì lápá òsì, ètè wọn sì ń mì. Ìyàwó pásítọ̀ ń wò wọ́n. Iná pupa kú. Màmá nàró, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún mi, wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n juwọ́ sí gbogbo wọn, wọn ò sì ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ sùn dáadáa, Bàbá. A ti dá yín mọ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó ń gun alùpùpù yín, tó sì ń rọra sá fún kòtò bí ẹ ṣe kọ́ ọ.