Ilé Gbóyèga àti Ilé Báńkì

Òkè-Àgbède,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Àníkẹ́ mi, Ìyanuolúwa,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Manchester ò tíì wọ inú egungun rẹ? Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ níbí ni mo ti ń kí ọ, bó o gbọ́, bó ò gbọ́, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí àìsàn àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú ní Harpurhey má ràn ọ́, kí ẹsẹ̀ tí o fi ń dúró láti àárọ̀ má wú. Àwa náà wà, a kàn wà ni. Ìjì ti ṣí páànù ilé ìdáná lọ. Ewúrẹ́ tí o rà fún mi bí méjì, ọ̀kan kú. Mo tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí àkùkọ tó kọ, mo sì mọ ohun tó ń jí mi.

Ọ̀rọ̀ ilé ni. Mo ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé kí Ọpẹ́olúwa, ọmọ ará ilé kejì wa tó ń padà sí Bury nítòsí ọ̀dọ̀ rẹ, bá mi mú un wá, nítorí tí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, ojú Gbóyèga, ọkùnrin tí ò ń fẹ́, ni mo máa ń kọ́kọ́ rí, á sì kí mi pé ẹ káàárọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó ṣì ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú fóònù, tó bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, àjà ilé nìkan ni mo máa ń rí títí tó fi máa dìde.

O ní o ti ń tọ́jú owó láti ra ilé kékeré tìrẹ ní Harpurhey kí Gbóyèga tó bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ilé ṣe, kí o kó wá sí tòun ní Bolton, pé àyè wà. O ní kí n gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rù ilé tí o fẹ́ rà yẹn. Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, wọ́n ri pátákó mọ́ iwájú rẹ̀, wọ́n kọ FOR SALE gàdàgbà síbẹ̀. Níbí, ẹni tó bá ní ilé gidi, ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ ló máa fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri, kí àwọn oníjìbìtì má baà tà á mọ́ ọn lórí. Mo rò pé ìjà ẹbí ló wà níbẹ̀, mo tiẹ̀ ní kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i. Ìgbà tí o ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ta ilé lọ́hùn-ún nìyẹn ni ọkàn mi wálẹ̀. Àmọ́ tí o bá rà á, jọ̀ọ́, ra ọ̀dà lọ́jọ́ náà gan-an, kí o kọ tìrẹ sára ògiri kí gbogbo àdúgbò rí i.

Lẹ́yìn náà lo ní báńkì ló máa bá ọ rà á, pé ó máa pẹ́ gan-an kó tó di tìrẹ nìkan. Ìyẹn tún dà mí láàmú. Yàrá méjì péré ló ní. Èwo ni àwọn báńkì máa gbà? Jẹ́ kí wọ́n gba ti iwájú, kí wọ́n má baà máa gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá nígbà tí o bá ń sùn. Tó bá jẹ́ máníjà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀, máa kí i, máa bu oúnjẹ fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ má jẹ́ kó mọ̀ ọ́ jù.

Ṣùgbọ́n ti Gbóyèga ló ń jí mi. Lọ́jọ́ tí o fi ilé ìdáná rẹ̀ hàn mí, ò ń dín ata, èéfín gba ilé kan, ni nǹkan kan lókè àjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó ń ké kò dákẹ́, tí Gbóyèga fi sáré mú tówẹ̀lì wá ń fẹ́ ẹ. Ẹ jọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Ilé tó ń figbe ta nítorí pé o dín ata, ṣé ó gbà ọ́? O ní ó ti ya ẹyọ dúrọ́ọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ọ nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ̀. Dúrọ́ọ̀ kan, Àníkẹ́. Èmi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà tí mo lóyún rẹ, ìṣó kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni Adédèjì bàbá rẹ ní kí n máa fi aṣọ kọ́, mo sì dúpẹ́. Èmi ni mo pọn omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ńtì yàrá kejì, ìwọ wà lẹ́yìn mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá rẹ, kò bá mi jà rí. Ó kàn kú ni. A ò tíì ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí àwọn àbúrò rẹ̀ fi pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Wọn ò bú mi o. Wọ́n tiẹ̀ bá mi gbé ìkòkò mi dé ìta.

Mi ò sọ pé Gbóyèga máa kú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Mi ò sì sọ pé ó máa lé ọ. Ṣùgbọ́n o sọ fún mi pé ó ní ẹ̀gbọ́n, Juliana, tó máa ń ṣílẹ̀kùn wọlé láìkànkùn, nítorí pé ó ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀. Báńkì kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, nínú àwọn méjèèjì, báńkì ni ọkàn mi gbà.

Àmọ́ mo rí àpò Ghana-Must-Go lẹ́yìn rẹ nínú fídíò ìjẹta, ó ti kún, o sì ti fi okùn dì í. Ìmọ̀ràn tí ò ń bèèrè, o ti dẹrù kí o tó bèèrè rẹ̀. N kò bínú. Èmi náà ò bèèrè lọ́wọ́ ìyá tèmi. Tí o bá ń lọ, lọ pẹ̀lú àdúrà mi, ṣùgbọ́n má fi owó ilé rẹ ra kọ́tìnnì sí ilé tiẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe ti oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni páànù ilé ìdáná lè dúró. Ọ̀dà pupa ni mo fẹ́ rà, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Yàrá tí o ń sùn nínú ilé mi yìí kí o tó lọ, mo ti kó iṣu kúrò níbẹ̀, mo ti gbá a. Ọwọ́ ara mi ni mo máa fi kọ ọ́ sára ògiri rẹ̀ níta pé ti Ìyanuolúwa ni, kì í ṣe títà. Tí ẹrù rẹ ò bá gba inú dúrọ́ọ̀ yẹn mọ́ lọ́jọ́ kan, ibì kan á wà tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tí ìwọ fúnra rẹ á máa ṣí, tí ìwọ fúnra rẹ á máa tì, Ọlọ́run á fi ta ọ́ lọ́rẹ kí ojú mi tó dí. Ata tí o bá dín níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní figbe ta.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Ọlábísí.